Ọrùn Ọwọ́ Bàbá Ìbejì

Ẹ̀gbẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n tó wà ní Thamesmead West nílùú òyìnbó níbí ni ọkọ mi ti kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí. Ọjọ́ Sọ́ńdè ni, a ń lọ sí àsàlátù. Ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan ni ẹgbẹ́ wa máa ń háyà níbẹ̀, sọ́ọ̀sì ló wà lọ́tùn-ún, sọ́ọ̀sì ló wà lósì, tí wọ́n bá ti ki orin mọ́lẹ̀, kí álùfáà wa yáa gbóhùn sókè ni. Ọkọ mi ló ń wakọ̀. Èmi ń ṣàròyé nípa obìnrin kan tó jókòó sí àyè mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnu mi ò dúró, àfi bí mo ṣe rí i pé ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ ò dá mi lóhùn mọ́. Ó ya ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó pa á, ó fi ọwọ́ òsì di àyà mú.

"Bàbá Ìbejì, kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan. Jẹ́ kí n mí díẹ̀."

Mo fa ọwọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, kò sí alẹ́ tí mi ò ní fi ìka wo bí ọkàn èèyàn ṣe ń lù ní ọrùn ọwọ́. Mo mọ èyí tó ń rìn jẹ́jẹ́, mo mọ èyí tó ń tiro. Tiẹ̀ ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Ọkùnrin tó jókòó sójú kan o, tí kò gbé ẹrù, tí kò bá ẹnikẹ́ni jà. 

Mo mọ ohun tó bà mí lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀. Oṣù díẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin kú ní Ìbàdàn. Ó jẹun alẹ́, ó kírun, ó sùn, kò jí. Bí bàbá wọn náà ṣe lọ nìyẹn kí n tó mọ ilé wọn. Wọ́n ní ọkàn ni. Ọkọ mi ò sì fi bẹ́ẹ̀ kéré sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí. Mo jókòó nínú ọkọ̀, mò ń wo ògiri ọgbà ẹ̀wọ̀n, mo sọ ọ́ nínú ara mi pé ẹlẹ́ẹ̀kẹta ò ní ṣẹlẹ̀ lójú mi. Mi ò gbà.

Nígbà tó ṣe, ó tún ṣáná sí ọkọ̀. Ó ní, "Má sọ fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀ o." Mo mọ̀ pé ó máa sọ bẹ́ẹ̀. Àwa kì í gbé àìsàn síta, àfi tí àìsàn bá gbé wa síta. Nígbà tí a débẹ̀, wọ́n bi í pé ṣé ara le, ó ní a dúpẹ́ fún Ọlọ́run, ó wá jókòó sáàárín àwọn ọkùnrin, ó ń mi orí sí wàásù. Èmi ò gbọ́ ohun tí álùfáà sọ. Ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ ni mò ń wò láti ẹ̀yìn, bóyá ó máa ṣubú.

Ó tó kí n sọ nípa ọjọ́ tí wọ́n wá kí wa kú ará-fẹ́-ra-kù nílé wa ní Barnfield, nítorí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ yìí ti wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò mọ̀ nígbà yẹn. Orí fóònù la ti wo fídáù ẹ̀gbọ́n náà. Álùfáà tó wàásù nílé ní oorun àbúrò ikú ni. Yàrá wa kún fún èèyàn, mo gbé obì àti omi síwájú wọn. Gbogbo ẹni tó wọlé ló ń sọ ohun kan náà fún ọkọ mi: ẹ má banú jẹ́, ikú ìrọ̀rùn ni, ó sùn ni, kò jẹ̀rora, Ọlọ́run ló fẹ́ràn rẹ̀. Èmi náà sọ ọ́. Ìtùnú ni mo pè é. Ọkọ mi ń ṣe àmín, ó ń ṣe àmín, nígbà tí àlejò lọ tán, ó kó obì tó ṣẹ́kù nínú àwo sápò. Mi ò kà á sí. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni, obì kì í jìnnà sápò rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ.

Lẹ́yìn ọjọ́ Sọ́ńdè yẹn, mo wọ́ ọ lọ sí ọsibítù. Mo ní wọ́ ọ, nítorí kò fẹ́ lọ. Wọ́n lẹ wáyà mọ́ ọn láyà, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n so ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ ọn tó gbé sára títí ilẹ̀ fi mọ́. Dókítà, ọmọbìnrin kan tó lè jẹ́ ọmọ wa, sọ pé ọkàn fúnra rẹ̀ ò tíì bàjẹ́, ṣùgbọ́n ó ń sáré ju bó ṣe yẹ lọ, tí a bá jẹ́ kó máa bá a lọ bẹ́ẹ̀, ó máa rẹ̀ ẹ́, ọkàn tó bá sì ti rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ oògùn. Ó ní kí ọkọ mi fi bọ́ọ̀sì sílẹ̀ títí wọ́n á fi tún yẹ̀ ẹ́ wò. Ó wá ń bi í ní ìbéèrè. Ṣé ó ń mu sìgá? Rárá. Ọtí? Ọkọ mi wò ó bí ẹni tí wọ́n bú. Tíì ńkọ́, kọfí ńkọ́, àwọn ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí àwọn ọ̀dọ́ ń mu kí oorun má kùn wọ́n? Rárá, rárá. Ó tilẹ̀ ní òun ò fẹ́ràn kọfí láti kékeré. Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́, eyín rẹ̀ pọ́n, obì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Mo jókòó tì í, mo mi orí pé òótọ́ ló sọ, nítorí òótọ́ ló sọ.

Àwọn ará ilé gbọ́ fìrìfìrì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi àgbo ránṣẹ́ lẹ́nu. Ẹni kan ní ewé báyìí, ẹni kejì ní egbò báyìí, kí n rẹ ẹ́ sínú omidùn. Mo ní kí wọ́n fi wá sílẹ̀. Mi ò ní da ohun tí mi ò mọ̀ sí ọkàn tó ń sáré. Ẹni tí mo gbọ́ tirẹ̀ ni obìnrin ará Íńdíà kan tí wọ́n ní ó ń fi Ayurveda, ètò ìwòsàn àtayébáyé ti ilẹ̀ wọn, tọ́jú èèyàn ní yàrá òkè kan tó yà kúrò ní Powis Street. Ohun tó jẹ́ kí n tẹ́tí ni pé ẹni tó júwe rẹ̀ fún mi ní kì í tètè fún èèyàn lóògùn. Ó ní ó kọ́kọ́ máa ń wádìí bí èèyàn ṣe ń jí, bó ṣe ń jẹun, bó ṣe ń sùn.

Ọkọ mi ní, "Ṣé mo wá di ẹni tí wọ́n ń gbé káàkiri ni?"

Mo ní, "Ẹ wọ bàtà yín."

Yàrá náà mọ́, òórùn òróró tó móoru gba ibẹ̀ kan. Obìnrin náà ti lé díẹ̀ ní ọmọ ogójì ọdún, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ó fi ìka mẹ́ta lé ọrùn ọwọ́ ọkọ mi, ó di ojú. Ó pẹ́ débi pé mo fẹ́ bi í bóyá ó ti sùn. Nígbà tó ṣe, ó ní àwọn tó kọ́ òun níṣẹ́ máa ń sọ pé ìlù ọkàn ẹlòmíì ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́, tẹlòmíì ń lúwẹ̀ẹ́ bí pẹ́pẹ́yẹ, tẹlòmíì ń yọ́ lọ bí ejò. Ó ní tọkọ mi ń yọ́ bí ejò, ó ń sá, kò fẹ́ kí wọ́n mú òun. Ó ní ó jọ ti ẹni tí kò sinmi.

"Ṣé ẹ ń sùn?"

"Mò ń sùn dáadáa," ọkọ mi ló sọ bẹ́ẹ̀.

Èmi náà gbè é. Mo ní tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé láàárọ̀, bẹ́ẹ̀dì á ti wà ní títẹ́ nigín-nigín, ọkùnrin tó ń sùn dáadáa tó sì ń jí dáadáa ló lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí bí ilé wa ṣe rí nìyẹn: bí ọ̀kan bá ń wọlé, èkejì ń dìde. Láti ìgbà tí àwọn ìbejì ti lọ sí yunifásítì, bẹ́ẹ̀dì kan náà la jọ ń sùn, àmọ́ a kì í sábà pàdé lórí rẹ̀.

Ó ní èèpo igi kan wà tí àwọn máa ń sè fún ọkàn, ṣùgbọ́n òun ò ní fún un ní nǹkan kan títí dókítà ọsibítù á fi mọ̀ sí i, kí tibí má lọ bá tọ̀hún jà nínú ara. Ìwà la ó kọ́kọ́ tún ṣe. Kó máa jẹun gbígbóná, ní àsìkò kan náà, kí oúnjẹ alẹ́ má pẹ́. Kó dín ata kù. Kó máa rìn láàárọ̀, ìrìn jẹ́jẹ́. Kó máa fi ihò imú òsì fa afẹ́fẹ́ sínú, kó fi tọ̀tún mí i jáde, láìkánjú. Kí wọ́n máa fi òróró yánmọtí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ pa àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kó tó sùn. Kó má sun oorun ọ̀sán, kí tòru lè dùn. Kò gbọ́dọ̀ fẹnu kan tíì tàbí kọfí. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́ ìyẹn.

Ẹ̀yin tó mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé tí wọ́n bá ti fún mi lófin, mo di sójà. Mo mú rodo kúrò nínú ọbẹ̀. Ọkọ mi tọ́ ọ wò, ó gbé ṣíbí kalẹ̀, ó ní, "Èyí tí wọ́n ń jẹ lẹ́wọ̀n níbẹ̀un á dáa ju èyí lọ." Mo ní kó lọ jẹ ẹ́ níbẹ̀. Láàárọ̀, kí n tó bọ́ aṣọ iṣẹ́, mo ti mú un lọ sétí odò ní Thamesmead, a ó máa rìn, òun níwájú, èmi lẹ́yìn, tó bá yára mo ní kó rọra, tó bá rọra mo ní kó má jẹ́ kó tutù. Nírọ̀lẹ́ mo fi òróró pa àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Mo dúró tì í títí ó fi fi imú mí tán. Ó ní ó kù kí n bá òun mí.

Àmọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ́. Mo ń wò ó láàárọ̀, mo ń wò ó nírọ̀lẹ́. Tó bá rọlẹ̀ díẹ̀ lónìí, á tún gùn ún lọ́la. Nígbà míì, òun nìkan ló ń jókòó níwájú tẹlifíṣọ̀n, mo máa ń rí àwọ̀tẹ́lẹ̀ rẹ̀ tó ń fò pì-pì-pì lókè àyà. Ojú rẹ̀ ti jìn. Ó ń kanra. Ọjọ́ tí ọsibítù fi pè é padà ń sún mọ́ wa, mi ò lè jẹun níbi iṣẹ́. Tí fóònù bá dún lóru, n ó ti ní wọ́n ti pè mí wá gbé òkú.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí i. Mo ní ó ń mu kọfí níbìkan. Mo gbóòórùn ife, mo tú àpò ẹ̀wù rẹ̀, mo wo ìdọ̀tí inú bíìnì. Kò sí nǹkan, àfi èèpo obì. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo dúró níwájú rẹ̀, mo pa tẹlifíṣọ̀n.

"Kí lẹ̀ ń mu tí mi ò mọ̀?"

"Omi."

"Bàbá Ìbejì, ẹ sọ òótọ́ fún mi."

"Mo fi Kùránì búra, mi ò fẹnu kan tíì, mi ò fẹnu kan kọfí. Kí lo tún fẹ́?"

Tí inú bá bí mi, ọ̀wọ̀ a máa fò kúrò lẹ́nu mi. Mo ní, "Irọ́ lò ń pa. Ọkàn èèyàn kì í dédé sáré. O fẹ́ kú, o sì fẹ́ kí n máa wò ọ́."

Ó dìde. Mi ò rí i kó wò mí bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní, "Ìwọ lo máa pa mí. O ò jẹ́ kí n jẹun, o ò jẹ́ kí n mí, gbogbo ìgbà lò ń di ọwọ́ mi mú bí ẹni di olè mú." Ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Mo lọ síbi iṣẹ́ láì dágbére fún un. Gbogbo òru yẹn ni mò ń bẹ Ọlọ́run pé kó má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí mo bá a sọ. Nígbà tí mo délé láàárọ̀, ó wà nídùúró ní kíṣìnì, ó ń se omi. Bẹ́ẹ̀dì ti wà ní títẹ́.

Mo padà lọ bá obìnrin ará Íńdíà náà, èmi nìkan. Mo fẹ́ lọ bá a jà ni, kí n bi í pé irú òfin wo ló fún wa tí kò ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìyá tó bí mi ní Ìjẹ̀bú ò kọ́ mi kí n lọ bá ẹni tó ń ṣàánú mi lọ́wọ́ òfìfo. Bí mo ṣe ń kọjá, mo yà lọ́dọ̀ ẹni tí mo máa ń ra nǹkan wa lọ́wọ́ rẹ̀ ní Woolwich, mo ra obì, mo ṣà á, èyí tó gbó, tó pọ́n, tí kòkòrò ò jẹ. Mo ra tirẹ̀, mo sì ra tọkọ mi pẹ̀lú, bí mo ṣe máa ń ṣe.

Mo gbé e fún un, mo ní ẹ̀bùn ni, bí a ṣe ń yẹ́ èèyàn sí nìyí. Inú rẹ̀ dùn. Ó yí i wò lọ́wọ́, ó gé e jẹ. Ó rún ojú pọ̀. Ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó bi mí pé kí ni wọ́n ń fi ṣe.

Mo ní, "A fi ń gba àlejò. A fi ń gbàdúà, a máa ń ní obì á bi ikú, á bi àrùn. Àwọn àgbà fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn ọmọ iléèwé máa ń jẹ ẹ́ tí ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn awakọ̀ ń jẹ ẹ́ lójú ọ̀nà, kí oorun má baà..."

Mi ò parí rẹ̀.  Obìnrin náà gbé obì tó gé kù sórí tábìlì, kò rẹ́rìn-ín, kò sọ pé ẹ ò rí i. Ó kàn bi mí pé ṣé ọkọ mi ń jẹ ẹ́, báwo ló ṣe pọ̀ tó.  Ta ló ń ka obì? Obì ni obì. Dókítà béèrè kọfí, a ní rárá. Òun náà ka tíì àti kọfí léèwọ̀, ọkọ mi rẹ́rìn-ín. A ò parọ́ fún ẹnikẹ́ni. Àwa tí a mọ ohun tí obì ń ṣe láti ìgbà tí a ti ń mu ọmú, kò sí ọ̀kan nínú wa tó rántí pé ohun tó ń lé oorun ni ohun tó ń lé oorun, ìbáà ṣe nínú ife, ìbáà ṣe lẹ́nu.

Ó wá bi mí ní ìbéèrè tó le jù. Ó ní, "Kí ló dé tó fi ń lé oorun lọ? Kò wa bọ́ọ̀sì mọ́."

Mo gun òkè Barnfield lọ sílé, itan mi ń ro mí, mi ò dúró. Ọkọ mi ń bẹ ní pálọ̀. Mi ò kí i. Mo wọ yàrá tààrà, mo gbé ìrọ̀rí rẹ̀ sókè. Obì wà níbẹ̀, wọ́n dì í sínú bébà, tẹ̀sùbáà rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo fa bẹ́ẹ̀dì síwájú. Èèpo obì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí ẹnu kan lè jẹ fún adùn lọ. Mo fọwọ́ kan aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Mo rántí pé láti ìgbà tí mo ti ń ti ibi iṣẹ́ dé ní gbogbo oṣù wọ̀nyí, mi ò bá a ní lílọ́ wọ́ọ́rọ́ rí. Mo máa ń wọ inú òtútù sùn, mo ń yin ọkọ mi pé ó mọ́ tónítóní. Bẹ́ẹ̀dì tí ẹnikẹ́ni ò sùn sí ni mò ń yìn.

Ó ti dé ẹnu ọ̀nà. Ó rí obì lọ́wọ́ mi.

"Obì lásán nìyẹn," ó ní.

"Ìgbà wo lẹ sùn kẹ́yìn?"

"Mò ń sùn."

"Bàbá Ìbejì. Ìgbà wo?"

Ó fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. Mo ti múra ìjà sílẹ̀, mo ti ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, kò wò mí.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ò ṣàìsàn. Bàbá mi ò ṣàìsàn. Wọ́n sùn ni. Gbogbo yín wá síbí, ẹ ní ikú ìrọ̀rùn ni, ẹ ń dúpẹ́. Mò ń ṣe àmín. Láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá ti dùbúlẹ̀, tí oorun bá fẹ́ gbé mi, mo máa ń gbọ́ ohùn yín. Ó sùn ni. Ó sùn ni. Màá dìde jókòó. Ìwọ ò sí nílé. Tí mo bá sùn tí mi ò jí, ta ló máa mọ̀? Àárọ̀ lo máa bá mi." Ó na ọwọ́ sí obì náà. "Èyí ni mo fi ń bá a jà. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, mo ti yege."

 Ọkùnrin yìí ń sá fún ikú ní gbogbo òru, eré tó ń sá náà ló fẹ́ pa á. Mo rántí bí mo ṣe jókòó ní pálọ̀ lọ́jọ́ àlejò, tí mo ní Ọlọ́run ló fẹ́ràn rẹ̀. Ojú tì mí, àánú rẹ̀ ṣe mí, mo sì tún fẹ́ gbá a létí nítorí tí kò sọ fún mi. Gbogbo ẹ̀ papọ̀.

Mo ní, "Ẹ bọ́ bàtà. Ẹ wá dùbúlẹ̀."

"Ọ̀sán gangan? Obìnrin yẹn ní kí n má sùn lọ́sàn-án."

"Kó forí jì wá. Ọ̀sán ni mo wà nílé."

Kò mira. Ó ń wo bẹ́ẹ̀dì bí ọmọdé ṣe ń wo omi tútù. Mo jókòó sétí rẹ̀, mo ní, "Ọwọ́ yín á wà lọ́wọ́ mi. Tó bá yí padà báyìí, n ó jí yín. Tí ẹ ò bá tètè jí, n ó gbá yín. Ẹ mọ̀ mí."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wá dùbúlẹ̀. Ó na ọwọ́ sí mi fúnra rẹ̀. Mo fi ìka lé ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ejò náà ń sá lábẹ́ rẹ̀. Ó la ojú sílẹ̀, ó ń wo òkè àjà. Ó pẹ́. Mo wá gbọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àdúà tí àwa Mùsùlùmí ń ṣe tí a bá fẹ́ sùn, èyí tí a fi ń gbà fún Ọlọ́run pé Òun ló ń mú ẹ̀mí wa nínú oorun, Òun náà ló ń dá a padà. Ó dúró láàárín rẹ̀.  Ó parí rẹ̀. Ó di ojú.

Ó ta gìrì lẹ́ẹ̀kan, ó ta gìrì lẹ́ẹ̀kejì, mo ní, "Mo wà níbí." Lẹ́yìn náà, èémí rẹ̀ wálẹ̀. Ìlù tó wà lábẹ́ ìka mi bẹ̀rẹ̀ sí í rọra. Ó rọra, ó tún rọra sí i, bí mo ṣe ń bẹ Ọlọ́run pé kó rí láti ọjọ́ ẹ̀gbẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n yẹn. Ṣùgbọ́n kò yé rírọra. Àlàfo tó wà láàárín ọ̀kan sí èkejì wá fẹ̀ débi pé mo ń dúró de èyí tó kàn, mo ń sọ pé ó dà, ó dà, kó tó dé. Ojú rẹ̀ dẹ̀, ẹnu rẹ̀ là, ó jọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo na ọwọ́ kejì láti jí i. Mo mú un padà. Mo tún nà á. Ìgbà yẹn ni mo mọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí ní gbogbo òru tí mo fi ń tọ́jú ọkọ ọlọ́kọ níbi iṣẹ́. Mo jókòó tì í.

Fóònù rẹ̀ pe ìrun Ásárì. Èmi tí mo máa ń lé gbogbo ilé dìde sí ìrun, mo yára pa á kó má baà jí i. Oòrùn kúrò lára ògiri. Ọwọ́ mi ti kú. Ó yẹ kí n ti máa múra iṣẹ́, mo fi ọwọ́ kan pè wọ́n pé mi ò wá.

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tó mí kanlẹ̀, tó la ojú. Ó wo òkè àjà, ó wo fèrèsé, ó wò mí. Ojú rẹ̀ dà bí ẹni tí kò mọ ibi tó wà.

"Ṣé mo sùn?"

"Ẹ sùn."

"Ṣé mo ti jí?"

Mo ní, "Ẹ ti jí, Bàbá Ìbejì." 

Ó dùbúlẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, omi ń ti ojú rẹ̀ dà sínú etí, kò nù ún. Ó wá yí ọwọ́ rẹ̀ padà nínú tèmi, ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó fi ìka lé e bó ṣe ti rí mi tí mò ń ṣe fún un. Ó tẹ́tí sí i.

"Ìyá Ìbejì," ó ní, "tìẹ ló ń sáré yìí."